Kí Ilé Tó Wó, Ẹ Jẹ́ Ká Fetí sí I

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, katakátá wọ Ìta Tinúbú ní Erékùṣù Èkó, ó sì wó Ilojo Bar lulẹ̀. Ilé náà ti lé ní 150 ọdún nígbà náà. Àwọn Fernandez, ìdílé Àgùdà tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, ló kọ́ ọ ní nǹkan bí 1855. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933. Nígbà tó di 1956, ìjọba kà á mọ́ àwọn ilé àjogúnbá orílẹ̀-èdè tí òfin dáàbò bò. Òfin náà wà nínú ìwé, ilé sì di àlàpà.

Kí ló ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lónìí? Fọ́tò ṣẹ́kù. Àwòrán tí àwọn ayàwòrán-ilé yà ṣẹ́kù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ojú fèrèsé rẹ̀ ṣe rí yóò rí i wò. Ṣùgbọ́n báwo ni àtẹ̀gùn rẹ̀ ṣe ń dún nígbà tí èèyàn bá ń gùn ún? Òórùn wo ló máa ń pàdé àlejò lẹ́nu ọ̀nà? Báwo ni ariwo ọjà àti ti ọkọ̀ ṣe ń wọ yàrá òkè ní ọ̀sán, kí ló sì kù nínú ariwo náà tó bá di òru? Kò sí fọ́tò tó lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí. Àwọn tó gbé inú ilé náà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń dínkù lójoojúmọ́.

Àwọn oníṣẹ́ ọnà kan wà káàkiri ayé tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ wọn. Wọn yóò mú ilé kan tàbí àdúgbò kan láàárín ìlú, wọn yóò kó àwọn ará ibẹ̀ jọ, wọn yóò rìn ín yí ká ní ẹsẹ̀, wọn yóò sì máa kọ ohun tí etí gbọ́, ohun tí imú gbọ́, ohun tí ọwọ́ kàn àti ohun tí ara mọ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọn yóò fi gbogbo rẹ̀ ya máàpù. Èrò tí mo ní nípa iṣẹ́ yìí kò ju ọ̀kan lọ: máàpù tó fi ojú nìkan ṣiṣẹ́ kò tíì ya ìlú tán, àwa tí ilé àtijọ́ wa ń wó lọ́tùn-ún lósì la sì nílò máàpù etí àti ti imú ju ẹnikẹ́ni lọ.

Àwọn tó fi imú ya ìlú

Nídìí máàpù òórùn, orúkọ tí èèyàn yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni ti Kate McLean, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2011 ó ya òórùn ìlú Edinburgh ní Scotland sórí máàpù. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ọkà bálì tí àwọn ilé ìpọntí ń sè, ẹja díndín àti ọ̀dùnkún díndín, igi ṣẹ́rì tó ń tanná, koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, àwọn ẹyẹ penguin inú ọgbà ẹranko, àti ilé ìtọ̀ àwọn ọmọkùnrin ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó tún fi hàn bí afẹ́fẹ́ tó ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn fẹ́ wá ṣe ń gbé òórùn wọ̀nyí kọjá lórí ìlú. Kò sí ìwé arìnrìn-àjò tó máa dárúkọ ilé ìtọ̀ ọmọ ilé ìwé. Àmọ́ ẹni tó bá dàgbà sí Edinburgh, tó sì rí i lórí máàpù yẹn, máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹni tó ya máàpù náà kò purọ́.

Ọ̀nà tí McLean ń gbà ṣe é kò le rárá. Ó máa ń kó èèyàn díẹ̀ jọ, wọ́n á sì rìn díẹ̀díẹ̀ láàárín ìlú. Ìwé á wà lọ́wọ́ oníkálukú. Níbi tí òórùn kan bá ti dé sí ẹ nímú, dúró. Kọ orúkọ tí ìwọ fúnra rẹ máa pè é sílẹ̀, kì í ṣe orúkọ tí ẹlòmíràn fún ọ. Ṣé ó le ni àbí kò le? Ṣé ó pẹ́ kó tó lọ? Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀? Kí ló rán ọ létí? Òórùn kan wà tó máa ń wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, òmíràn ń wá ó ń lọ, òmíràn kò sì ju ìṣẹ́jú kan lọ, bíi ti obìnrin olóòórùn dídùn tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá. Tí ìrìn bá parí, McLean á kó àwọn ìwé náà jọ, á sì fi àwọ̀ àti àmì yà wọ́n.

Nígbà tó ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Amsterdam ní 2013, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé yóò gba iwájú ni èéfín igbó, torí ohun tí ayé mọ ìlú náà sí nìyẹn. Nígbà tí wọ́n rìn ín tán, ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ yàtọ̀: àkàrà òyìnbó aládùn tí wọ́n ń dín, ẹja herring tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan, aṣọ tí wọ́n ń fọ̀, ìwé àtijọ́. Orúkọ tí àlejò fún ìlú jẹ́ ọ̀kan, ìlú tí onílé ń gbé jẹ́ òmíràn. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú iṣẹ́ obìnrin yìí nìyẹn, mo sì rò pé àwa ará Èkó àti ará Ìbàdàn mọ bó ṣe máa ń rí kí àlejò sọ irú ìlú tí a jẹ́ fún wa.

Àwọn tó fi etí ya ìlú

Àwọn tó fi etí ṣe tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú. Ní 1966, Max Neuhaus, olórin ará Amẹ́ríkà, pe àwọn èèyàn ní New York wá gbọ́ ohun tó ti pèsè. Nígbà tí wọ́n dé, ó tẹ òǹtẹ̀ kan sí wọn lọ́wọ́ tó pàṣẹ pé kí wọ́n fetí sílẹ̀, ó sì ṣíwájú wọn gba ìgboro lọ sí ẹ̀bá ilé iṣẹ́ tó ń pèsè iná mànàmáná. Kò lu ìlù, kò sì kọrin. Ìgboro gan-an ni orin tó pè wọ́n wá gbọ́.

Ní apá ìparí ọdún 1960 sí 1970 ni R. Murray Schafer, tó ń kọ orin ní Kánádà, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùwádìí jọ ní Yunifásítì Simon Fraser lẹ́bàá Vancouver. Ní 1973 wọ́n gbé àwo orin àti ìwé kan jáde nípa ìró ìlú náà. Schafer pín ìró ìlú sí oríṣi mẹ́ta. Èkíní ni ìró abẹ́lẹ̀, èyí tó ń lọ láìdúró débi pé etí kò kà á sí mọ́. Èkejì ni ìró tó ń pe àkíyèsí, irú fèrè ọkọ̀ tàbí agogo. Ẹ̀kẹta ni ìró tó jẹ́ ti ìlú yẹn nìkan, tí ọmọ ìlú fi ń mọ̀ pé òun wà nílé. Ní Vancouver, àgbá tí wọ́n máa ń yìn ní aago 9 alẹ́ lójoojúmọ́ wà lára ìwọ̀nyí. Fèrè ńlá tó máa ń ké sí ọkọ̀ ojú omi ní Point Atkinson nígbà tí kùrukùru bá bolẹ̀ náà wà lára wọn. Fèrè yẹn ti dákẹ́ báyìí. Ohùn rẹ̀ kò sọnù nítorí pé àwọn kan ti gbà á sílẹ̀.

Ìró abẹ́lẹ̀ tí Schafer sọ yìí, kò sí ará Nàìjíríà tí a gbọ́dọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún. Ẹ ronú nípa alẹ́ kan ní àdúgbò yín, tí jẹnẹrétọ̀ ilé kọ̀ọ̀kan ń dún láti ìrọ̀lẹ́. Ẹ ń jẹun, ẹ ń sọ̀rọ̀, ọmọ ń ṣiṣẹ́ ilé ìwé, ẹnikẹ́ni ò rántí pé nǹkan ń dún. Lójijì iná dé. Àwọn ọmọdé pariwo pé “Ùp NEPA!”, jẹnẹrétọ̀ àkọ́kọ́ kú, èkejì kú, títí tí ti ìsàlẹ̀ òpópónà fi dákẹ́. Ìgbà yẹn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ ìró kòkòrò inú koríko àti ohùn rédíò ní ilé kejì. Ẹni tó bá gba ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn sílẹ̀ ti ya apá kan ìtàn orílẹ̀-èdè yìí tí kò sí nínú máàpù kankan.

Ilé ìkàwé tó kú, tí ohùn rẹ̀ kò kú

Àpẹẹrẹ tó kàn mí lọ́kàn jù nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí wà ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ìkàwé Whitechapel ṣílẹ̀kùn ní 1892 láàárín àwọn òtòṣì àti àwọn àjèjì. Àwọn Júù tó sá kúrò ní ìlà-oòrùn Yúróòpù ló kọ́kọ́ kún inú rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ará Bangladesh tó wá tẹ̀dó sí àdúgbò náà gba ìjókòó wọn. Ẹni tí kò lówó yunifásítì máa ń jókòó síbẹ̀ kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ní 1999, àjọ Artangel pe Janet Cardiff, oníṣẹ́ ọnà ará Kánádà, pé kó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Orúkọ iṣẹ́ náà ni *The Missing Voice (Case Study B)*. Bó ṣe ń lọ nìyí. Ìwọ tó fẹ́ gbọ́ ọ yóò wọ ilé ìkàwé, wọn yóò fún ọ ní ẹ̀rọ àwo kékeré kan àti ohun tí o máa fi bo etí. O dúró láàárín àwọn pẹpẹ ìwé. Ohùn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ní kí o bá òun ká lọ. Cardiff ti lo makirofóònù méjì, ọ̀kan fún etí ọ̀tún, ọ̀kan fún etí òsì, nítorí náà tí ẹnì kan bá ń bọ̀ lẹ́yìn nínú ohun tó gbà sílẹ̀, ìwọ náà á bojú wẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn á dún ní ẹ̀gbẹ́ rẹ, o ò sì ní mọ̀ bóyá ti òní ni tàbí ti ọjọ́ tí obìnrin náà rìn ín. Ohùn náà á mú ọ jáde, á mú ọ gba Spitalfields àti Bishopsgate kọjá títí dé ibùdókọ̀ ojú irin Liverpool Street.

Ilé ìkàwé náà ti ilẹ̀kùn ní 2005. Wọ́n so ilé rẹ̀ pọ̀ mọ́ ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà Whitechapel Gallery tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tó tún ṣí ní 2009. Pẹpẹ ìwé ti lọ. Àwọn tó ń kàwé ti lọ. Síbẹ̀ ẹni tó bá fi iṣẹ́ Cardiff sétí lónìí ṣì ń gbọ́ bí yàrá yẹn ṣe rí nígbà tí ìwé àti èèyàn kún inú rẹ̀: ẹsẹ̀ tó ń rìn jẹ́jẹ́, ohùn tó ń rẹlẹ̀ nítorí àwọn tó ń kàwé. Nígbà tí Cardiff ń ṣe é, kò sí ẹni tó rán an pé kó wá tọ́jú ilé ìkàwé pamọ́. Ó ṣe iṣẹ́ ọnà tirẹ̀ tọkàntọkàn, ilé ìkàwé sì bá a wọlé.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé oníṣẹ́ ọnà ló yẹ kó máa ṣíwájú nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ń wọn ilẹ̀ ń wọn ohun tí wọ́n sanwó fún un pé kó wọ̀n. Oníṣẹ́ ọnà máa ń dúró níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní kó dúró sí, ó sì lè ní sùúrù wákàtí kan fún ìró tí kò tó ìṣẹ́jú kan.

Ojúẹlẹ́gba nínú àwo orin

Lọ́dọ̀ tiwa, ọkùnrin tó ti ṣe jù nínú iṣẹ́ yìí ni Emeka Ogboh. Wọ́n bí i ní Enugu ní 1977, ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Nsukka. Ní 2008 ó lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Fayoum ní ilẹ̀ Íjíbítì, níbẹ̀ ló ti rí i pé èèyàn lè fi ohùn nìkan ṣe iṣẹ́ ọnà. Nígbà tó padà sí Èkó, ó gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ dání wọ ìgboro, kò sì tíì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láti ìgbà yẹn.

Ohun tó gbàfiyèsí rẹ̀ jù ni dáńfó. Ó sọ pé ohun tí àwọn kọ̀ndọ́tọ̀ ń ké jẹ́ máàpù tí wọ́n fi ẹnu yà. Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Àjèjì tó dúró lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba kò nílò kó mú fóònù jáde. Kọ̀ndọ́tọ̀ kan ń ké “Bárékì, Sítédíọ̀mù, Kọ́sténì!”, òmíràn ń ké “Láwánsọn, Ìtirẹ̀!” Bí àwọn ibùdókọ̀ ṣe tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà ni wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn lẹ́nu rẹ̀. Kò tíì parí síbẹ̀. “Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!” ń sọ fún ọ irú owó tó yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ. Tí èrò bá fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, á ké pé “Ó wà o!”, kọ̀ndọ́tọ̀ á sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara ọkọ̀ pàà, pàà, dírẹ́bà á tẹ bíréèkì láìbojú wẹ̀yìn. Tó bá tún gbá a, ọkọ̀ ti ń lọ. Ara irin ọkọ̀ ni wọ́n sọ di ìlù tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Afọ́jú tó mọ Èkó dáadáa lè tọ ohùn wọ̀nyí láti Ojúẹlẹ́gba dé Kọ́sténì láìṣìnà.

Ní 2022, Ogboh gbé àwo orin kan jáde tó dá lé ibùdókọ̀ Ojúẹlẹ́gba. Orúkọ tó fún un ni 6°30′33.372″N 3°22′0.66″E. Nọ́ńbà tí àwọn ayàwòrán-ilẹ̀ fi ń tọ́ka sí ibi tí ibùdókọ̀ náà wà lórí ilẹ̀ ayé nìyẹn. Ohùn àwọn èèyàn ibẹ̀ àti ìró ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìlù tó fi kọ̀ǹpútà ṣe. Ṣáájú ìyẹn, ó ti gba ohùn ọjà Balógun sílẹ̀ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ti Smithsonian ní Washington. Ó so ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde mọ́ àwọn àwo tánńganran aláràbarà, irú èyí tí àwọn obìnrin wa ń kó ọjà sí, ó sì pe iṣẹ́ náà ní *Market Symphony*. Ará Amẹ́ríkà tí kò dé Èkó rí dúró níwájú àwo wọ̀nyẹn, ó gbọ́ bí a ṣe ń polówó ọjà àti bí a ṣe ń ná an.

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2009, ìjọba Èkó kó àwọn ọlọ́jà kúrò lójú ọ̀nà Òṣòdì. Ní 2017, gómìnà ìgbà náà kéde pé dáńfó yóò kásẹ̀ nílẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì 2020 ni wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, tí Sùúrùlérè wà lára wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Màrínà lọ sí Máìlì Tú, ó sì ń dárúkọ ibùdókọ̀ ní ohùn tútù tí kò jọ ti kọ̀ndọ́tọ̀ rárá. N kò sọ pé àyípadà wọ̀nyí burú; ọ̀pọ̀ nínú wọn ló mú ìrọ̀rùn wá. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá gbọ́ ohun tí Ogboh gbà sílẹ̀ ní 2008 ń gbọ́ Èkó kan tí àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn ìgbà náà kò ní bá mọ́. Kí ló dé tó jẹ́ pé oníṣẹ́ ọnà kan ló ru ẹrù yìí fún ìlú tó tóbi tó Èkó?

Imú ìjọba àti imú onílé

Ẹ má ṣe jẹ́ ká rò pé kò sí ewu nínú iṣẹ́ yìí. Ìtàn wa fi hàn pé òórùn lè di ohun ìjà lọ́wọ́ alágbára. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, àwọn òyìnbó amúnisìn wo ilé àwọn èèyàn Erékùṣù, wọ́n ní ó kún fún ìdọ̀tí. Ní 1928 wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí LEDB, láti tún ìlú ṣe. Láti 1955 àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Erékùṣù, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, olùwádìí ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá àwọn ìdílé wọ̀nyí sọ̀rọ̀, tó sì gbé ìwé jáde ní 1961, rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn pàdánù oníbàárà, wọ́n sì jìnnà sí àwọn ẹbí tí wọ́n jọ ń gbé. Imú ìjọba gbọ́ òórùn gọ́tà. Kò gbọ́ òórùn oúnjẹ tí àgbà obìnrin ń sè fún agbo ilé ní àárọ̀, tó jẹ́ ìdí tí ọmọ opó kan kò fi sùn lébi.

Àṣà yìí kò tíì kúrò lọ́wọ́ wa. Ẹni tó wa mọ́tò kọjá lórí afárá Third Mainland á gbé gíláàsì sókè tí èéfín Makoko bá dé, á ní ibẹ̀ ń rùn. Èéfín yẹn ni owó ilé ìwé ọmọ lọ́dọ̀ obìnrin tó ń yan ẹja nísàlẹ̀. Òun lè fi imú mọ ẹja tó ti gbẹ dé ibi tó yẹ àti èyí tó ṣì kù díẹ̀. Ta ló yẹ kó ya máàpù òórùn Makoko nínú àwọn méjèèjì? Victoria Henshaw, ọ̀mọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ ìwé nípa òórùn ìlú ní 2013, tẹnu mọ́ ọn pé àwọn tó ń to ìlú kì í sábà rántí òórùn àfi tí wọ́n bá fẹ́ lé e lọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Nítorí náà, máàpù tí onílé kò bá sí nínú yíyà rẹ̀, ẹ̀sùn ni wọ́n fi ń kan onílé.

Bí a ṣe lè ṣe tiwa

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí kò gba owó ńlá. Fóònù tó wà lápò ọ̀pọ̀ wa lè gba ohùn tó mọ́ sílẹ̀. Ìwé àti bírò pọ̀ níta. Ohun tó wọ́n ni sùúrù.

Ẹ mú ilé kan péré. Ó lè jẹ́ ilé Àgùdà kan ní Pópó Àgùdà, ó lè jẹ́ agbo ilé ní Ìbàdàn, ó lè jẹ́ Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ pàápàá. Ilé Kòkó dúró láti 1965, ó ní àjà 26, iná jó o ní 1985, fọ́tò rẹ̀ sì pọ̀ jọjọ. Ṣùgbọ́n ohùn Dùgbẹ̀ láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní aago 7 àárọ̀, àti bí ohùn kan náà ṣe ń rí tí èèyàn bá gòkè, ta ló gbà á sílẹ̀? Àwọn kan tó wà ládùúgbò lọ́jọ́ iná náà ṣì wà láyé. Wọ́n rántí òórùn rẹ̀. Ẹ bi wọ́n.

Ẹ lọ síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: ní ìdájí kí ọkọ̀ tó pọ̀, ní ọ̀sán Jímọ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ní òru. Ẹ lọ nígbà ọyẹ́ tí pákó ń gbẹ tó sì ń ké, ẹ tún lọ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sórí erùpẹ̀ gbígbóná. Ẹ dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsọ̀rọ̀. Ẹ fọwọ́ kan ògiri ní ibi tí oòrùn ti ń pa á àti níbi tó ti tutù. Ẹ wo orí ọwọ́ àtẹ̀gùn tí àtẹ́lẹwọ́ ìran mẹ́ta ti sọ di dídán. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ibi tí ẹ dúró sí àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí, nítorí ohùn tí a kò kọ ọjọ́ àti ibi rẹ̀ sílẹ̀ yóò di àdììtú fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ mú àwọn tó mọ̀ ju yín lọ dání. Ìyá àgbà tó ti gbé inú ilé náà láti ìgbà ìyàwó mọ ilẹ̀kùn ẹni tó ń dún láìjẹ́ pé ó dìde. Ọmọdé ń gbọ́ òórùn ohun tó wà nísàlẹ̀ tí àgbà ti gbàgbé. Afọ́jú àdúgbò ń fi etí àti ẹsẹ̀ ya máàpù ìlú lójoojúmọ́, kò sì yẹ kí a ṣe iṣẹ́ yìí láìsí irú rẹ̀ níbẹ̀. Kí ẹ tó tẹ fóònù, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé. Ẹ má gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́, ẹ má sì wọ ibi tí àṣà ilé náà kò ní kí àlejò wọ̀. Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ pe gbogbo agbo ilé kí wọ́n wá gbọ́ ọ, kí wọ́n tún èyí tí ẹ ṣì ṣe. Ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ wọn.

Mo bẹ àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà àti ti yíyàwòrán ilé ní àwọn yunifásítì wa pé kí wọ́n fi èyí kún iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe kó tó gboyè. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá mú ilé kan, láàárín ọdún díẹ̀ ohùn àwọn àdúgbò àtijọ́ yóò ti wà nípamọ́. Mo bẹ ìjọba Èkó, Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ sí wíwó ilé àtijọ́ kankan kí wọ́n tó gba ohùn inú rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àwọn tó gbé ibẹ̀ sílẹ̀. Èyí kò ní kí wọ́n dẹ́kun láti máa dáàbò bo ilé náà fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni iṣẹ́ wọn àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ mi tó kẹ́yìn jẹ́ ti ẹ̀yin olórí ẹbí. Ìpàdé tí ẹ máa ṣe lórí bóyá kí ẹ ta ilé bàbá yín ti súnmọ́lé. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ yan ọmọ méjì nínú ẹbí, ọ̀kan pẹ̀lú fóònù, ọ̀kan pẹ̀lú ìwé, kí wọ́n lọ lo ọ̀sẹ̀ kan nínú ilé náà. Owó ilé yóò tán láàárín ẹbí. Ohun tí àwọn ọmọ méjì yẹn bá mú bọ̀ ni ogún tí ẹ máa lè pín dọ́gba fún gbogbo ọmọ.